Ó Ku Mẹ́jọ

Nínú ilé wa ní Ganaja, ìyọkúrò ní ìró. Bí ènìyàn bá yọ méje kúrò nínú mẹ́wàá, mẹ́ta tó kù kì í ṣe ohun tí a kàn ń kọ sínú ìwé. Rúlà onígi ni, lórí àtẹ́lẹwọ́, pá, pá, pá. Mo ti gboyè ní yunifásítì, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ parí, mo ti padà sílé, mo ń wá iṣẹ́. Síbẹ̀, bí mo bá rí àmì ìyọkúrò níbikíbi, àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún mi máa ń yún mi. Mi ò sọ pé ẹ̀rí ohunkóhun nìyẹn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni mo ń sọ.

Dádì ló dá eré náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń ṣe, wọn kì í sì í sọ nǹkan nù. Káàdì wọ́ọ̀tù kan wà nílé tí àwòrán ara rẹ̀ ti ń ṣí. Wọ́n gé bébà funfun, wọ́n kọ orúkọ àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín káàdì, wọ́n sì fi nọ́ńbà igun rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà. Súúsì, ọba ọ̀run tó ń sọ àrá, gba mẹ́rìnlá. Érísì, òrìṣà ogun, gba méje. Kúrónọ́sì, bàbá tó gbé àwọn ọmọ rẹ̀ mì láàyè kí wọ́n má baà gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, ló gba ogún, nọ́ńbà tó ga jù. Átílásì, ẹni tí wọ́n fi ìyà jẹ pé kó máa fi èjìká ru ọ̀run títí láé, ló gba oókan.

“Nọ́ńbà tó kéré jù, ẹrù tó wúwo jù,” ni Dádì máa ń wí.

Inú ìwé kan tí kò léèpo mọ́, tí wọ́n gbà bí ẹ̀bùn nígbà tí wọ́n wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ni wọ́n ti mọ àwọn ìtàn náà. Nígbà tí mo dàgbà tí mo kà á fúnra mi, mo rí i pé wọn kò fi ẹ̀jẹ̀ kankan pamọ́ fún wa. Ọmọ tó fi dòjé gé nǹkan ọkùnrin bàbá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ẹyẹ tó ń wá jẹ ẹ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n dè mọ́ àpáta, tí ẹ̀dọ̀ náà ń hù padà kó lè rí i jẹ lọ́la, òun náà wà níbẹ̀. Bí Dádì ṣe sọ ọ́ fún wa nígbà tí a ṣì kéré náà nìyẹn, nídìí tábìlì, tí a ń jẹ ẹ̀pà.

Mọ́mì kò fẹ́ràn rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, oníṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n, wọn kì í sì í jókòó tì wá bí a bá ń ta á. “Òrìṣà ilé bàbá yín lẹ ò bọ,” wọ́n á ní, “ti Gíríìkì lẹ wá ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ káàdì.”

Eré náà kò le. Olúkúlùkù á fi káàdì méjì lélẹ̀, á ro nọ́ńbà wọn pọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ pọ̀ jù ló jẹ. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló kú. A ó yọ kékeré kúrò nínú ńlá, iye tó bá kù sì ni ẹni tó jẹ máa fi rúlà na ẹni tó kú. Ọ́fíìsì ni Dádì ti gbé rúlà ọ̀hún wá. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà ní etí rẹ̀ kan, a sì gbọ́dọ̀ yẹra fún ẹ̀gbẹ́ yẹn. Kúrónọ́sì máa ń gbé káàdì ẹlòmíràn tó bá kéré jù lórí tábìlì mì, á sì fi kún tirẹ̀. Átílásì ní tirẹ̀ kò wúlò fún ẹni tó mú un lọ́wọ́. Ìlò rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí wọ́n bá ń na ẹlòmíràn, ó lè fi í lélẹ̀ kó ní, “Èyí tó kù, èmi ni mo rù ú,” kó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀.

Òfin kan tún wà tí mi ò tíì gbọ́ ní ilé ẹlòmíràn. Bí ọmọdé bá jẹ àgbà, ó gbọ́dọ̀ nà án, ṣùgbọ́n á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì. Ọkùnrin á dọ̀bálẹ̀, obìnrin á kúnlẹ̀, á ní, “Ẹ forí jì mí o,” kó tó dìde mú rúlà.

Dádì gbà pé ọmọ tí ìyàtọ̀ bá ti dun ọwọ́ rẹ̀ kò ní gbàgbé ìṣirò láé. Lóòótọ́ ni pé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ ìṣirò. Ṣùgbọ́n wọ́n ń kọ́ wa ní ìṣirò níléèwé pẹ̀lú, nítorí náà mi ò lè sọ ìpín tó jẹ́ ti rúlà.

Ohun tí mo mọ̀ pé ó jẹ́ ti rúlà ni ohun tí mo rí lójú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó jẹ́ àkọ́bí, ní ọ̀sán ọjọ́ kan tó jẹ Dádì. Kúrónọ́sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú èjì, ó gbé ẹẹ́ta Dádì mì, gbogbo rẹ̀ di mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Mẹ́tàlá ló ṣẹ́kù fún Dádì. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ méjìlá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó sì gbé rúlà lé àtẹ́lẹwọ́ Dádì bí ẹni gbé ewé lé omi.

“Ṣé ìyẹ́ adìẹ lo fi ń ra mí lọ́wọ́ ni?”

“Dádì, ẹ̀rù ń bà mí.”

“Kò sí ẹ̀rù nínú ìṣirò. Nà mí.”

Ó nà wọ́n. Nígbà tó máa fi dé ìdajì, ẹ̀rù ti kúrò lójú rẹ̀, nǹkan mìíràn sì ti gba ibẹ̀. Eyín rẹ̀ wà lórí ètè. Ìró rúlà náà yí padà. Ó ń dún bí ìgbà tí ẹ̀ka gbígbẹ bá dá. Nígbà tó parí, ó wo rúlà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ẹlòmíràn ló fi síbẹ̀, ó sì sá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Dádì ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú wọn. Mọ́mì gbé òrí àti omi gbígbóná wá.

“Ẹ máa kọ́ wọn,” ni wọ́n wí, bí wọ́n ṣe ń fi òrí pa ọwọ́ náà. “Ẹ máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lu ènìyàn.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló tẹ̀lé àkọ́bí, èmi ni mo kéré jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí kì í ké bí a bá ń nà án, kì í sì í wo rúlà. Mo bi í nígbà kan pé báwo ló ṣe ń ṣe é.

“Ojú onítọ̀hún ni mo ń wò,” ló dá mi lóhùn. “Ọwọ́ ò mọ nǹkan kan. Ojú ló kọ́kọ́ ń mọ̀.”

Òun ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ó ti ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan lápá Paparanda nígbà tí ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá sílé wa. Okun bíi tiwa, Yorùbá apá Kabba, ni àwọn ènìyàn ọkùnrin náà, ṣùgbọ́n Kàdúná ló gbé wà lọ́mọdé kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé ní Karaworo, tó gbà á tọ́. Abuja ló ti ń ṣiṣẹ́ báyìí. Bó bá dé ní òpin ọ̀sẹ̀, á ra búrẹ́dì àti èso fún Mọ́mì, á sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀, ì báà jẹ́ nínú eruku níwájú ilé. Mọ́mì fẹ́ràn rẹ̀. Èmi náà kò ní nǹkan kan tí mo lè fi bú u. Àwọn ẹbí ti mọ ara wọn, wọ́n ti kéde ìgbéyàwó náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọjọ́ ìdána nìkan ni a ń retí.

Dádì ní àfi kó bá wa ta káàdì.

“Àna wa, ẹ bọ́ aago ọwọ́ yín o,” ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wí. “Àwa kì í fi ẹnu ṣírò nínú ilé yìí.”

“Ẹ̀yin lẹ máa bọ́ aago,” ni ọkùnrin náà fèsì. “Ọmọ Kàdúná ni mí.”

Ó tètè mọ eré náà. Ó ń rẹ́rìn-ín sí orúkọ àwọn òrìṣà, ó sì ń ṣírò kíákíá. Wọ́n nà án, ó ké bí ọmọdé kó lè pa wá lẹ́rìn-ín. Mọ́mì pàápàá fa àga wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná. Lẹ́yìn náà ló fi Súúsì àti Érísì lélẹ̀ pa pọ̀: mọ́kànlélógún. Márùn-ún àti èjì ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní: méje. Mẹ́rìnlá ló kù láàárín wọn.

“Háà!” ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pariwo. “Ìyàwó ti kú kí wọ́n tó gbé e!”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ́ ọwọ́. Èkíní rọra bà á, a rẹ́rìn-ín. Èkejì ró díẹ̀.

“Ṣé kò dùn ọ́ ni?” ni ọkùnrin náà bi í.

“Ṣé o ti bẹ̀rẹ̀ ni?”

A tún rẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta mú kí ife orí tábìlì mì. Ẹ̀gbọ́n mi kò ké. Ó ń wo ojú rẹ̀. Kí ọkùnrin náà tó lu ẹ̀kẹrin, ó dìde kúrò lórí àga, ó gbé ọwọ́ ga ju orí lọ. Àpá pupa kan dìde lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀rín wa ti ń gbẹ. Ẹ̀karùn-ún, ẹ̀gbẹ́ tí irin wà ló fi lù ú. Mi ò mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn. Ẹ̀jẹ̀ fara hàn, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ìlà tí wọ́n fi bírò fà.

Dádì fi káàdì kan lélẹ̀. Átílásì.

“Èyí tó kù, èmi ni mo rù ú.”

Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ wọn. Ọkùnrin náà dúró pẹ̀lú rúlà lókè. Ojú rẹ̀ padà bọ̀ sípò, ẹ̀rín dé, ó ju rúlà sílẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Dádì! Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ta ni èmi tí n ó na bàbá mi?”

“Ọmọ tí wọ́n kọ́ nìyẹn,” ni Mọ́mì wí, wọ́n pàtẹ́wọ́.

“Òfin lòfin, àna wa,” ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wí. “Ẹ ti dọ̀bálẹ̀ náà. Ó ku kí ẹ nà wọ́n.”

“Rárá o.” Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì ṣẹ́jú sí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. “Mo mọ ẹni tí màá ti gba èyí tó kù. Tó bá di ilé wa.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, àfi Dádì tí ọwọ́ wọn ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀.

“Mélòó ló kù?” ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin bi í.

“Mẹ́sàn-án.”

Kò ronú kó tó sọ ọ́. Ọmọ kékeré lè yọ márùn-ún kúrò nínú mẹ́rìnlá, nítorí náà mi ò ka ìyẹn sí nǹkan kan lọ́jọ́ náà, mi ò sì fẹ́ fi ohun tí mo mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ṣàlàyé ohun tí mo rí ṣáájú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ṣojú mi. Èmi àti àwọn méjèèjì lọ sọ́dọ̀ télọ̀ nínú ìlú, ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo jókòó sí. Nígbà tí a ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà Ganaja, ọkọ̀ há mọ́ra wọn, oòrùn mú, oníkẹ̀kẹ́ kan sì gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ó fi irin rẹ̀ ha dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà. Dígí kò fọ́. Ó kàn tẹ̀ ni. Oníkẹ̀kẹ́ ọ̀hún, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà, dúró fúnra rẹ̀.

“Oga, abeg, no vex,” ló ń wí kí ọkọ wa ọ̀la tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìgbájú àkọ́kọ́ ju fìlà náà sí ojú ọ̀dà. Oníkẹ̀kẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ẹ̀ṣẹ́ sì bá a níbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ lójú títì, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ gba àárín ìka rẹ̀ jáde. “Haba! Haba!” ni àwọn ènìyàn ń pariwo. Ọkùnrin náà tún gbé ẹsẹ̀, ó ta á nípàá ní àyà. Kò sí ẹni tó mú un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló bọ́ sílẹ̀, tó di ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀ mú.

“Ó tó! Ó ti bẹ̀ ọ́.”

Wọ́n padà wọ ọkọ̀. Ọkùnrin náà ti fèrèsé. Ó fi tíṣù nu oríkèé ìka ọwọ́ rẹ̀, ní sùúrù, ọ̀kọ̀ọ̀kan.

“O fa aṣọ mi láàárín ìgboro.”

“Ẹni tó ń bẹ̀ ọ́ lò ń lù.”

Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nígbà tó kúrò lórí ṣíárìn. Ìgbájú náà gbá ẹ̀gbọ́n mi ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, orí rẹ̀ sì lọ kan gíláàsì fèrèsé, gbàmù. Ọkùnrin náà dá ọwọ́ padà sórí ṣíárìn. Kò pariwo. Bí ohùn rẹ̀ ṣe rí nídìí tábìlì wa náà ló rí, ohùn eré.

“Ó ku mẹ́jọ,” ló wí, ó sì wa ọkọ̀ lọ.

Ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ìṣirò náà tọ̀nà. Ọkàn mi kò tíì rí nǹkan mìíràn ṣe. Mo wo ẹ̀gbọ́n mi. Kò fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ó ti yí ara padà sí ọkùnrin náà, ó ń wo ojú rẹ̀, ó sì ń wò ó bẹ́ẹ̀ títí a fi délé.

Nílé, ó sọ fún wọn pé òun kò fẹ́ ẹ mọ́. Mọ́mì jókòó pẹ̀lú ọwọ́ lórí. Wọ́n ti kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti sọ fún àwọn ará Kabba. Wọ́n sì tún jẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n ti rí irú àwọn obìnrin tí wọ́n máa ń gbé wá sọ́dọ̀ wọn pẹ̀lú ojú wíwú, tí wọ́n á ní àwọn ṣubú ni. Mo rí i bí ohun méjèèjì ṣe ń jà lójú wọn.

“Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀,” ni wọ́n sọ níkẹyìn. “Ìgbájú kan lè jẹ́ ìbínú.”

“Mọ́mì, kì í ṣe ọ̀kan ló kà.”

 Èmi ni Dádì kọjú sí. “Mélòó ló ní ó kù?”

“Mẹ́jọ, Dádì.”

Wọ́n wọ yàrá wọn lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, ẹ̀gbọ́n bàbá ọkùnrin náà, tí a ń pè ní ìyá Karaworo, mú un wá. Obìnrin gíga ni ìyá náà, ó wé gèlè tí ó wé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì kí wa ní “Òkun o”, bí àwa Okun ṣe ń kíra, kó tó kúnlẹ̀ lórí táìlì pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún. Ọkùnrin náà dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì gbé orí sókè.

“Èṣù ni,” ni ìyá náà wí. “Ó ti jẹ́wọ́ fún mi. Ó ní eré ni òun fi ṣe, eré ilé yín. Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin náà lẹ kọ́ wọn ní eré kí wọ́n máa na ara wọn. Ọmọ tí ẹ kọ́ ní eré, ó ṣeré, ẹ ní ó dẹ́ṣẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ náà wọlé. Mi ò rí ibi tí mo lè gbé e gbà kí n dá a padà. Ó jọ ohun tí Mọ́mì ti ń sọ láti ìgbà èwe wa. Dádì tẹrí ba. Mọ́mì ní, “Ẹ dìde, mà, ilẹ̀ yẹn le,” ohùn wọn sì ti rọ̀. Wọ́n wo ẹ̀gbọ́n mi. “Ó ti dọ̀bálẹ̀, ọmọ mi. Kí lo tún fẹ́ kó ṣe?” Mo mọ̀ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ náà ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Bí wọ́n bá dìde níbẹ̀ pẹ̀lú àdúrà, ó di ilé ọkọ nìyẹn.

Dádì dìde, wọ́n wọ yàrá, wọ́n sì jáde pẹ̀lú rúlà àti káàdì kan. Wọ́n fi Átílásì lélẹ̀ sórí tábìlì, wọ́n fi rúlà tì í.

“Ìyá wa, òótọ́ lẹ sọ. Èmi ni mo dá a sílẹ̀. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ òfin rẹ̀.” Wọ́n kọjú sí ẹni tó wà nílẹ̀. “Mo fi èyí lélẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Mẹ́sàn-án tó kù ti kúrò lọ́rùn ọmọ mi lọ́jọ́ náà, ó ti di tèmi. Ìwọ wá lọ gba ọ̀kan lọ́wọ́ ẹni tí kò jẹ ọ́ ní nǹkan kan. O ní eré ni. Ó dáa. Ó ku mẹ́jọ. Wá gbà á lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ọ́, kí eré parí.”

Wọ́n jókòó, wọ́n sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún wọn lórí tábìlì.

“Dádì, ẹ jọ̀ọ́. Mi ò lè ṣe é.”

“Kò lè ṣe é,” ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wí.  “Ẹni tó bá lè nà án padà, kì í nà án. Oníkẹ̀kẹ́ tó wà nílẹ̀ ló lè ta nípàá. Èmi ló lè gbá nínú ọkọ̀ tí fèrèsé ti pa dé.”

“Pa ẹnu mọ́,” ni ọkùnrin náà wí láti ilẹ̀.

“Ojo ni ọ́.”

“Mo ní kí o pa ẹnu mọ́!”

“O ti dọ̀bálẹ̀ náà. Ìdajì òfin lo ti ṣe. Àbí o ti gbàgbé iye tó kù?”

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dára. Ọkùnrin náà dìde.

“Ọmọ mi, jókòó,” ni ìyá Karaworo wí. “Jókòó!”

Ó ti mú rúlà. Èyí àkọ́kọ́ dún tó bẹ́ẹ̀ tí ajá aládùúgbò fi gbó. “Ó ku méje,” ló wí. Dádì kò fa ọwọ́ padà. “Ó ku mẹ́fà.” Mọ́mì pariwo Jésù. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fò sókè, àga rẹ̀ ṣubú, ṣùgbọ́n Dádì gbé ọwọ́ òsì sókè láìwo ẹ̀yìn.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Ó ń ṣírò.”

A lè sọ pé ìtìjú ló gbé e dìde. A bú u lójú ẹni tó tọ́ ọ, ọkùnrin mìíràn sì lè ṣìwà hù níbẹ̀. Mo ti yẹ àlàyé yẹn wò dáadáa láti ìgbà náà. Ìtìjú lè ṣàlàyé èkíní. Kò lè ṣàlàyé ẹ̀karùn-ún. Ní ẹ̀karùn-ún, kò sí ìbínú lójú rẹ̀ mọ́. Ìfarabalẹ̀ ló wà níbẹ̀, bíi ti ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tó mọ̀ dunjú. Ó yí rúlà padà sí ẹ̀gbẹ́ tí irin wà, èmi sì rí ìka rẹ̀ bó ṣe yí i, nítorí náà lọ́tẹ̀ yìí mo lè sọ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Awọ ìdí àtàǹpàkò Dádì là. Ẹ̀jẹ̀ ta sí tábìlì, ó ta sí ẹ̀wù funfun ọkùnrin náà, kò sì dúró. “Ó ku méjì.” Ìró rẹ̀ ti di ti nǹkan tútù. “Ó ku ọ̀kan.” Dádì ń mí láti imú, òógùn ń kán ní àgbọ̀n wọn, ojú wọn kò sì kúrò lójú rẹ̀. Ó lu ìyẹn náà.

“Ó tán,” ló wí.

Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè tó rí wa. Ó wo rúlà. Ó wo ìyá tó tọ́ ọ. Ìyá náà ti bọ́ gèlè orí rẹ̀, ó ti fi gbàjá, irun funfun rẹ̀ hàn gbangba. Ó rìn bá a, ó sì gbá a létí, ìgbájú kan tó mú un kọsẹ̀ lára àga tó ṣubú, tó sì ṣubú tì í.

“Jáde lọ sínú ọkọ̀.”

Ó jáde. Ìyá náà dúró láàárín ilé. Mọ́mì ni ó bá sọ̀rọ̀, kì í ṣe Dádì.

“Ìyàwó, mo wá síbí láti bẹ̀ yín kí ẹ fún un. Ẹ má fún un. Bàbá rẹ̀ náà máa ń kà á bó bá ń na ìyá rẹ̀. Èyí tó bá ti nà nínú rẹ̀, á ní ó ku báyìí, obìnrin yẹn á sì máa retí ìyókù títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo rò pé nígbà tí mo mú ọmọ kúrò níbẹ̀, mo mú un kúrò nínú rẹ̀ ni.”

Kò dúró gba ìdáhùn. Mọ́mì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, àwọn méjèèjì di ara wọn mú níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí a fi dá àwọn ẹ̀bùn tí wọ́n ti mú wá padà sí Karaworo, ìyá náà sì gbà wọ́n láìbínú.

Mo ti ń gbìyànjú láti mọ ìpín eré wa nínú gbogbo rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ti ń kà á kó tó mọ ilé wa, àwa kọ́ la kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n àwa la fún un ní rúlà, àwa la sì rẹ́rìn-ín títí dé ẹ̀kẹta. Mi ò rí ọ̀nà láti yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Mọ́mì fúnra wọn ló rán ọwọ́ Dádì, nídìí tábìlì náà, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí wọ́n sè. “Ẹ máa kọ́ wọn,” ni wọ́n ń sọ bí wọ́n ṣe ń fa òwú, wọ́n sì ń sunkún. Dádì sọ ní ọ́fíìsì pé ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló há àwọn lọ́wọ́. Wọn kò lè fi ọ̀tún jẹun, wọn kò sì gbà láti fi òsì jẹ ẹ̀bà, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ń bù ú sí wọn lẹ́nu.

“Kékeré ni kí o máa bù ú. Ṣé o fẹ́ pa mí ni?”

“Àwọn tó fẹ́ pa yín ti lọ, Dádì. Ẹ ya ẹnu.”

Nígbà tí ọgbẹ́ náà jinná, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé káàdì jáde lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sí ẹni tó béèrè rúlà; Mọ́mì ti fi dáná. A ta, a ro, a yọ. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló jẹ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kú, mẹ́fà ló sì wà láàárín wọn. Ó ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ kó tó rántí pé rúlà kò sí mọ́. Àpá irin náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wò ó, ó nawọ́ sínú àwo ẹ̀pà, ó sì ka mẹ́fà sí i lọ́wọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kò wo ẹ̀pà náà. Ojú ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin ló wò, ó wò ó pẹ́, kó tó pa ọwọ́ dé.